Ṣé kí n fi bedliner bo gbogbo ara píkọ́ọ̀pù mi?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Píkọ́ọ̀pù mi ti ń dàgbà, ọ̀nà tí mò ń gbà lójoojúmọ́ kún fún òkúta wẹ́wẹ́, ọ̀dà ti bó níṣàlẹ̀ lápá méjèèjì, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjì sì ti ń wú bíi pé nǹkan fẹ́ jáde lábẹ́ ọ̀dà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra bedliner tí wọ́n máa ń fín sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, kí n fi fín gbogbo ara ẹ̀ látòkè délẹ̀, pé kò ní dípẹtà mọ́ láé, pé téèyàn bá tiẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ ha á kò ní hàn. Mo rí i tí wọ́n ń ta èyí téèyàn lè fín fúnra ẹ̀. Ṣé òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí? Ṣé mo lè ṣe é nínú gáréèjì mi tó lẹ̀ mọ́ ilé?"

Ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ti fín in tán kí wọ́n tó wá, ohun tí wọ́n sì máa ń bi mí ni bí wọ́n ṣe máa yọ ọ́. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, nǹkan mẹ́ta ló wé mọ́ra wọn níbẹ̀: òkúta tó ń bó ọ̀dà, ìpẹtà tó ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà, àti ojú ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kó tún ṣeé wò. Bedliner kápá òkúta dáadáa, kò kápá ìpẹtà rárá, ti ojú ọkọ̀ sì kù sọ́wọ́ ohun tó bá wù yín. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ìdajì ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, etí fẹ́ńdà níbi tí táyà ti ń yí, ẹ fín in, mo fara mọ́ ọn. Gbogbo ara látòkè délẹ̀, èmi ò ní ṣe é sí ọkọ̀ tí mò ń gùn lójoojúmọ́. Àwọn ilẹ̀kùn méjì tó ń wú yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín nǹkan kan lé wọn lórí títí ẹ ó fi ṣí ibẹ̀ dé irin.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí nǹkan ọ̀hún jẹ́ ná, torí ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bedliner kì í ṣe ọ̀dà tó kàn nípọn. Rọ́bà líle kan ni, polyurethane tàbí polyurea tàbí àdàlù méjèèjì, oje méjì ni wọ́n sì sábà máa ń pò pọ̀ kó tó dì, ọ̀kan ni resin, èkejì ni hádínà tí isocyanate wà nínú ẹ̀. Àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́ gidi, bí àwọn tó ń fín Line-X tàbí Rhino, ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò, ẹ̀rọ yẹn á mú oje méjèèjì gbóná, á fi agbára ńlá tì wọ́n jáde, ẹnu gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń fín in ni wọ́n ti ń pàdé, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ó ti dì mọ́ irin. Lẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ó lè nípọn tó mílímítà 1.5 sí 3. Èyí tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ ṣe é fúnra ẹ̀, irú Raptor, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀: inú ìgò lẹ ti máa da hádínà sí i, ẹ ó mì í pọ̀, ẹ ó so ìgò yẹn mọ́ gọ́ọ̀nù tó ń lo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lásán, tẹ́ ẹ bá sì fín in lẹ́ẹ̀mejì kì í sábà nípọn tó mílímítà 1. Èyí tí wọ́n ń fi rólà kùn tún wà, èyí tó wà nínú agolo tí wọ́n ń tẹ̀ lórí náà wà, agbára tiẹ̀ ló kéré jù. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ o, àmọ́ agbára wọn ò dọ́gba, nítorí náà ohun tí ọ̀rẹ́ yín rí lára ọkọ̀ ẹlòmíì lè máà jọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà rárá.

Ìdí tí òkúta fi ń ṣe ọ̀dà níkà tí kì í fi í rí bedliner gbé ṣe kò le. Ọ̀dà tí ọkọ̀ gbé ti ilé iṣẹ́ wá, gbogbo ipele ẹ̀ lápapọ̀, látorí púráímà tó kọ́kọ́ bo irin dé èyí tó ń dán lókè, kì í sábà ju mílímítà 0.1 sí 0.15 lọ. Ó tín-ín-rín, ó sì le, kì í tẹ̀, òkúta tó bá bà á lójú eré á fọ́ ọ dànù ni. Bedliner ní tiẹ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀ kó tó padà sípò, agbára òkúta yẹn á tán sínú ẹ̀. Ti kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ sọ, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: bí ojú ẹ̀ ṣe rí ṣákiṣàki yẹn máa ń bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀, àmọ́ téèyàn bá fi nǹkan tó mú ha á dáadáa, ìlà tó funfun á hàn lórí dúdú, kàn jẹ́ pé kì í sábà dé irin.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìpẹtà, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Irin, omi àti afẹ́fẹ́, tí mẹ́ta yìí bá ti pàdé, ìpẹtà dé, iyọ̀ á sì mú kó yára sí i. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà, ìpẹtà yẹn fúnra ẹ̀ kún fún ihò kéékèèké tó ń gba omi àti iyọ̀ pa mọ́, ó sì máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ti ọ̀dà sókè tẹ́ ẹ fi rí i tó ń wú. Tẹ́ ẹ bá wá fín nǹkan lé e lórí, ẹ ò yọ omi yẹn kúrò, ẹ ò yọ iyọ̀ yẹn kúrò, ńṣe lẹ dé e mọ́lẹ̀. Bedliner kankan ò sì sí tí omi àti afẹ́fẹ́ ò lè rí ibì kan gbà wọlé, ó lè jẹ́ etí ibi tó parí sí, ó lè jẹ́ ihò kékeré tí ojú ò rí, ó lè jẹ́ ibi tí nǹkan ti gbún un. Iṣẹ́ á máa lọ lábẹ́ ẹ̀. Ohun tó tún burú jù ni pé ọ̀dà lásán á wú, ẹ ó rí i, ẹ ó tètè ṣe nǹkan kan, àmọ́ bedliner nípọn, ojú ẹ̀ ti rí gbágungbàgun tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ títí irin á fi lu jáde.

Wọ́n gbé ilẹ̀kùn kan wá bá mi nígbà kan tí bedliner ara ẹ̀ ṣì dúdú dáadáa, téèyàn bá dúró wò ó kò là níbì kankan. Mo fi èékánná gbé etí ẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, ó ṣí sókè bí awọ, odindi ìbú ọwọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ ẹ̀ tutù, omi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo yí ohun tó ṣí yẹn padà, ẹ̀yìn ẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìpẹtà ló lẹ̀ mọ́ ọn pẹrẹsẹ. Ẹ wò ó dáadáa o: bedliner yẹn ò já kúrò lára ohun tí wọ́n fín in lé, ó ṣì dì í mú gírígírí. Irin tó ti jẹrà ló já kúrò lára irin tó ṣì le. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn lè ra èyí tó dáa jù láyé, ibi tó máa parí sí náà nìyẹn.

Ti ilẹ̀kùn tún ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà inú ni ìpẹtà ibẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe ìta. Tí òjò bá rọ̀, omi máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà wíńdò wọ inú ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ihò kéékèèké wà ní ìsàlẹ̀ tí omi yẹn máa gbà jáde. Irin ìta sì tún ká wọnú ní ìsàlẹ̀, ó gbá irin inú mọ́ra, àárín méjèèjì sì há. Tí eruku àti ẹrẹ̀ bá dí ihò yẹn, omi á dúró sínú, á máa jẹ irin láti inú bọ̀ níta, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i tó wú níta, inú ti bàjẹ́ ṣáájú. Kí wá ni ohun tẹ́ ẹ fín síta máa ṣe fún un? Tẹ́ ò bá sì ṣọ́ra, bedliner tó nípọn yẹn gan-an á tún dí ìwọ̀nba ihò tó kù pa. Nítorí náà lónìí, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wá ihò yẹn, ẹ fi wáyà tínrín gún un, ẹ máa rí ẹrẹ̀ tó máa já bọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú sùkúrúdíráfà, ẹ fi ẹnu ẹ̀ tẹ ibi tó wú yẹn dáadáa. Tó bá wọlé, irin ti tán níbẹ̀, ẹ má fi pọ́tì dí i, ẹ jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì bítà gé ibẹ̀ kúrò kó jó irin tuntun mọ́ ọn, tàbí kẹ́ ẹ wá ilẹ̀kùn mìíràn tó ṣì dáa, nígbà míì ìyẹn ló rọrùn jù. Tí kò bá wọlé, ìpẹtà orí ni, gíráńdà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin á kó o kúrò títí irin á fi funfun. Àwọn ojú ihò dúdú kéékèèké tí gíráńdà ò lè dé, oògùn ìpẹtà tó ní phosphoric acid tàbí tannic acid ló ń bójú tó o, ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ torí òmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́ fífọ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó kun nǹkan mìíràn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí irin sílẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ fín epoxy púráímà sí i, ẹ má jẹ́ kó sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí epoxy yìí ju bedliner lọ, torí òun gan-an ló ń dí omi lọ́nà kó má dé irin. Iṣẹ́ bedliner ò ju kó dáàbò bo epoxy yẹn lọ́wọ́ òkúta. Ẹni tó bá na gbogbo owó ẹ̀ sórí bedliner tó wá fò púráímà, ó ti fi nǹkan gidi sílẹ̀. Inú ilẹ̀kùn àti inú irin gígùn tó wà lábẹ́ ẹ̀, òróró tàbí wáàsì tí wọ́n ṣe fún inú irin tó ṣófo ló ń ran ibẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n máa ń ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò kí wọ́n tó fín in, àmọ́ ẹ fi ìyẹn ṣe ìgbẹ̀yìn pátápátá, torí tí òróró bá jò síta kẹ́ ẹ tó fín bedliner, kò ní lẹ̀.

Lílẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé bedliner ẹnìkan ṣí, mi ò ní béèrè irú èyí tó rà, ohun tí mo máa béèrè ni bó ṣe fọ ọkọ̀ yẹn àti bó ṣe ha á. Ẹ fọ̀ ọ́ tọṣẹtọṣẹ, ẹ nu ún pẹ̀lú oògùn tó ń yọ òróró àti wáàsì, aṣọ kan láti fi kùn ún, aṣọ mìíràn tó gbẹ láti fi nu ún kó tó fẹ́, àti pé kẹ́ ẹ tó ha á ni kẹ́ ẹ ṣe ìyẹn o, torí tẹ́ ẹ bá fi sáǹpépà ha wáàsì, ńṣe lẹ ń rì í mọ́ ojú ọgbẹ́ tí sáǹpépà dá sílẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fi mú táyà dán, silicone ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ó máa ń ta sára fẹ́ńdà àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fín gan-an, tó bá sì ṣẹ́ kù síbẹ̀ ẹ ó rí i tí bedliner á máa sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ táá fi ojú ihò sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wá fi sáǹpépà 180 tàbí 240 ha á títí kò fi ní sí ibi tó ń dán mọ́, àwọn kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ò ti lè na sáǹpépà, Scotch-Brite pupa, ìyẹn kàn-ìn-kàn-ìn líle tí wọ́n fi ń ha nǹkan, ló ń wọ ibẹ̀. Ibi tó bá ṣì dán, ibẹ̀ ló máa ti ṣí. Ọ̀dà àtijọ́ tó ti ń bó, ẹ bó o tán pátápátá, torí bedliner lè lẹ̀ mọ́ ọ̀dà dáadáa kí ọ̀dà fúnra ẹ̀ má lẹ̀ mọ́ irin. Bọ́ńpà tó jẹ́ oníke gbọ́dọ̀ ní púráímà tiẹ̀ tó ń jẹ́ kí nǹkan lẹ̀ mọ́ ike.

Kí ló wá dé tí mo ní ẹ má fín gbogbo ara ẹ̀? Ìdí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni pé kò ní àbọ̀. Ọ̀dà tí ò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó fi sáǹpépà ha á, ẹ ó kun òmíràn. Ráàpù, ìyẹn fíìmù aláwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ bo ara ọkọ̀, ẹ ó bó o kúrò. Bedliner, gíráńdà ni, tàbí iná tó ń mú un rọ̀ kẹ́ ẹ tó máa fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi yanrìn fín in, ó sì máa ń rọrùn fún ẹlòmíì láti pààrọ̀ ilẹ̀kùn ju kó bó o lọ. Tí ẹnìkan bá kọlu yín lọ́la, pánẹ́ẹ̀lì bítà ò ní rí bó ṣe máa na ojú irin tó tẹ̀ títí yóò fi bó ibẹ̀, tó bá sì tún un ṣe tán, kó tó lè fín òmíràn tí ṣákiṣàki ẹ̀ máa bá ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ mu, iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ iwájú náà á máa ronú pé kí lẹ fi nǹkan yìí bò mọ́lẹ̀, a ò sì lè bá a wí.

Ìwúwo wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mítà onígun mẹ́rin kan tó nípọn tó mílímítà 1, lítà 1 ló ń gbà, ìyẹn nǹkan bíi kílò 1, nítorí náà tí ara ọkọ̀ yín bá tó mítà onígun mẹ́rin 20, kílò 20 ni, bíi pé ọmọ kékeré kan ló wọlé jókòó nìyẹn. Etí ilẹ̀kùn ló ń dùn mí ju ìyẹn lọ. Àlàfo àárín ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà ò fẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi mílímítà kan sí etí yìí tẹ́ ẹ fi kan sí etí kejì, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara wọn, ibi tí wọ́n bá sì ti ń ha ara wọn ni bedliner á ti kọ́kọ́ ṣí. Bọ́ńpà tó ní sẹ́ńsọ̀ ìpààkì, ẹ yọ wọ́n kúrò tàbí kẹ́ ẹ bò wọ́n, tí rédà bá sì wà lẹ́yìn bọ́ńpà tàbí lẹ́yìn gíríìlì, ẹ má fín nǹkan tó nípọn síwájú ẹ̀ rárá. Oòrùn tún ń bẹ. Polyurethane àti polyurea tí wọ́n fi isocyanate tí wọ́n ń pè ní aromatic ṣe máa ń ṣá lójú oòrùn, dúdú ẹ̀ á di eérú, òmíràn á máa yọ ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún níbi tí ẹnìkan ò ti ń wo ẹwà ẹ̀. Ti ìta gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní aliphatic, ó wọ́n jù ú lọ, àmọ́ oòrùn ò tètè mú un, tàbí kẹ́ ẹ fi ọ̀dà tó lè kojú oòrùn kùn ún lókè. Fífọ̀ ẹ̀ náà kì í ṣe eré, ẹrẹ̀ máa ń wọ inú ṣákiṣàki yẹn, búrọ́ọ̀ṣì ló ń gbà, ẹ ò sì lè fi wáàsì lásán kùn ún kó dán torí wáàsì á gbẹ sínú ẹ̀ á funfun. Lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé ẹ̀, tó bá yí padà ẹ ní láti lọ sọ fún wọn.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó yẹ fún o. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé inú oko àti inú igbó ló ń gbé, tí ẹ̀ka igi ń ha lójoojúmọ́, tí olówó ẹ̀ ti pinnu pé òun máa lò ó títí á fi kú ni, tí irin ara ẹ̀ sì le dáadáa, mo máa fín gbogbo ara ẹ̀ fún un tayọ̀tayọ̀. Ti yín ò jọ ìyẹn.

Ṣíṣe é fúnra yín, ọwọ́ yín lè gbé e, tó bá jẹ́ ti inú ìgò. Ẹ po hádínà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n, ẹ má sì po ju èyí tẹ́ ẹ lè fín tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Afẹ́fẹ́ inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti bí gọ́ọ̀nù ṣe jìnnà sí ara ọkọ̀ ni ó ń pinnu bí ojú ẹ̀ ṣe máa rí, afẹ́fẹ́ púpọ̀ á jẹ́ kó wẹ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ á jẹ́ kó rí wúruwùru, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára páálí títí ẹ ó fi rí èyí tó wù yín, kẹ́ ẹ wá dì í mú bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Isocyanate tó bá pàdé omi máa ń tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde, afẹ́fẹ́ yẹn á sì há sínú ẹ̀ di ihò, ẹ̀yin náà ẹ wá mọ ohun tí ihò túmọ̀ sí lójú ìpẹtà. Ẹ má fín in lójú òjò tàbí ní òwúrọ̀ tí ìrì ṣì wà, irin gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìwọ̀n Celsius 3 gbóná ju ìwọ̀n ooru tí ìrì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ lọ, ẹ sì fi ohun tó ń gba omi sẹ́nu páìpù kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Téèpù tẹ́ ẹ fi pààlà, ẹ fà á kúrò nígbà tó ṣì rọ̀, tó bá ti gbẹ tán téèpù á fà á ya tàbí kó gbé etí ẹ̀ sókè. Gíláàsì, iná, rọ́bà, gbogbo ohun tẹ́ ò bá fẹ́ kó kàn, ẹ bò ó, torí ìkùukùu ẹ̀ máa ń rìn jìnnà.

Àmọ́ gáréèjì tó lẹ̀ mọ́ ilé yẹn, mo bẹ̀ yín, rárá. Isocyanate tẹ́ ẹ bá fín di ìkùukùu lè fa ikọ́ ásímà fún ẹni tí kò ní i tẹ́lẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ásímà ibi iṣẹ́ ti ń wá tí wọ́n mọ̀ jù lágbàáyé. Ara lè gbà á mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, kó wá di ọjọ́ kan kó kọ̀ ọ́, láti ọjọ́ yẹn lọ èyí tó kéré gan-an lè dí ẹni náà lọ́nà ọ̀fun, kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Òórùn ẹ̀ kì í tètè ta síni nímú, kẹ́ ẹ tó gbọ́ òórùn ẹ̀ ó lè ti pọ̀ ju ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fà símú. Ìbòmú oníwèé tàbí aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ò ṣe nǹkan kan sí i. Ohun tó dáa jù ni ìbòjú tó ń gba afẹ́fẹ́ tútù láti ibòmíràn nípasẹ̀ páìpù, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti aṣọ tó bo gbogbo ara, torí ó ń gba awọ ara wọlé náà. Àwọn ọmọ tó wà nínú ilé lẹ́yìn ògiri gáréèjì ò ní ìkankan nínú gbogbo ìyẹn. Tínà tó wà nínú ẹ̀ tún lè gba iná, ẹ̀rọ omi gbígbóná tó ń jó nínú gáréèjì ti tó láti fà á. Tẹ́ ò bá ní ibi tó jìnnà sílé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, tẹ́ ò sì ní ìbòjú tó yẹ, ẹ ṣe iṣẹ́ fífọ̀ àti híha fúnra yín, ìyẹn ló ń jẹ àsìkò jù, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ fún péńtà tó ní yàrá ìfínǹkan kó fín in.

Tó bá jẹ́ pé òkúta nìkan lẹ fẹ́ dá dúró tẹ́ ẹ sì fẹ́ràn àwọ̀ ọkọ̀ yín, oògùn òkúta tí àwọn péńtà máa ń fín sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wà, ó rí bíi bedliner tó fẹ́lẹ́, ẹ lè fín àwọ̀ ọkọ̀ yín lé e lórí, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ àfi tó bá fọwọ́ kàn án. Èmi máa ń fẹ́ràn ìyẹn fún ọkọ̀ tó ṣì máa di títà. Fíìmù tó mọ́ gaara tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà dáa fún iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé bó kúrò, àmọ́ orí ọ̀dà tó le ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ti ìsàlẹ̀ yín tó ti bó ò lè gbà á. Ceramic tí wọ́n ń pariwo ẹ̀, ìyẹn oje tín-ín-rín tí wọ́n ń kùn sórí ọ̀dà, ó ń mú kí omi máa yọ̀ dànù kí ọkọ̀ sì rọrùn fọ̀, kò lè dá òkúta dúró.

Fún ti yín, bí mo ṣe máa tò ó nìyí: ilẹ̀kùn méjì yẹn kọ́kọ́, ẹ ṣí i dé irin, ẹ mọ̀ bóyá gígé ni àbí híha, epoxy lójú ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ wá fa ìlà kan tó tọ́ láti fẹ́ńdà iwájú dé ẹ̀yìn, ní ibi tí irin ọkọ̀ yín ti ní ojú ìlà tiẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó lè jọ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, ohun tó wà nísàlẹ̀ ìlà yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ fín, ẹ jẹ́ kó fẹ́lẹ́ sí i létí ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sì ki igi kéékèèké bọ àwọn ihò omi kẹ́ ẹ tó fín in, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kó tó gbẹ. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó rí omi ìfọkọ̀, èyí tí ẹ̀rọ ń tì jáde pẹ̀lú agbára gbọ́dọ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Tó bá ti gbẹ tán, ẹ wá fín òróró sínú ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ń fọ ọkọ̀, ẹ máa fi ìka tọ etí ibi tí bedliner parí sí, ibi tó bá gbé sókè ni kẹ́ ẹ gé kúrò, kẹ́ ẹ ha á, kẹ́ ẹ fi ìwọ̀nba tó kù nínú ìgò kejì dí i, nítorí náà ẹ má po ìgò yẹn pọ̀ tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo.